Ṣé O Mọ Ẹni Tó Ni Àgbo?

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó bá gba páténtì lórí oògùn kan, òun nìkan ló láṣẹ lórí rẹ̀ fún nǹkan bí 20 ọdún? Ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ ṣe é tà láìtọrọ àyè. Ohun tuntun nìkan ni wọ́n sì ń fún ní páténtì. Tuntun lójú ta?

Ṣé o mọ̀ pé títí di 2013, bí ìyá àgbà kan l'Ógbómọ̀ṣọ́ bá ti ń fi ewé kan wo ibà láti kékeré, òfin páténtì Amẹ́ríkà kò ka ìyẹn sí? Bí kò bá ti sí nínú ìwé, tí wọn ò sì mọ̀ ọ́n lọ́hùn-ún, tuntun ni.

Bí wọ́n ṣe fún àwọn olùwádìí méjì ní páténtì nìyẹn ní 1995, lórí fífi àtalẹ̀ pupa wo egbò. Egbò tí àwọn ará Íńdíà ti ń fi í wò láti ayébáyé! Íńdíà kó ìwé jáde, títí kan ti èdè Sanskrit, Amẹ́ríkà sì wọ́gi lé páténtì náà ní 1997.

Dóńgóyárò ńkọ́? Iléeṣẹ́ W. R. Grace àti iléeṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà gba páténtì ní Yúróòpù ní 1994, lórí bí òróró rẹ̀ ṣe ń dènà àrùn irè oko. 2005 ni ẹjọ́ tí wọ́n pè ta ko páténtì náà tó parí, ó sì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Èyí tó ká mi lára jù ni Niprisan. Ìyeré, igi osùn, kànáfùrù, ewé ọkà bàbà: àgbo fòníkú-fọ̀ladìde tí Àlùfáà Paul Ogunyale mú lọ bá àjọ ìwádìí oògùn ìjọba l'Ábújá. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, àjọ náà sì gba páténtì Amẹ́ríkà ní 1998. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àmọ́ Xechem, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe é, wọko gbèsè ní 2008, ọwọ́ àwọn aláìsàn sì ṣófo.

Ṣé o mọ̀ pé ní May 2024, ní Geneva, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé ẹni tó bá ń tọrọ páténtì gbọ́dọ̀ sọ ilẹ̀ tí ewé tó lò ti wá, àti àwọn tó ni ìmọ̀ rẹ̀? Kòlóḿbíà ti dá a lábàá láti 1999. Apá kan àdéhùn Geneva yìí ń bí mi nínú: ẹni tó bá fi orísun pamọ́ ò ní pàdánù páténtì nítorí ìyẹn nìkan, àfi bó bá hàn pé jìbìtì ló fi ṣe. Ta ni yóò wá bá oníṣègùn Ìgbòho san owó agbẹjọ́rò tó máa fi jìbìtì náà hàn ní kóòtù òkè òkun?