Couveuse tó ní thermostat tuntun: kí ló dé tí ooru rẹ̀ kò dọ́gba?

Ọ̀rọ̀ adìẹ la mú wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àìsàn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ń sàba ẹyin ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní couveuse.

Bí adìẹ bá ń sàba fúnra rẹ̀, ẹyin mẹ́wàá, méjìlá, ó ti tó o. Nísinsìnyí ẹlòmíì ń kó 100 ẹyin sínú àpótí kan ṣoṣo. Thermostat àtijọ́ á bàjẹ́, wọ́n á ra tuntun tó ń fi nọ́ńbà hàn lójú, wọ́n á so ó mọ́ ọn. Ọjọ́ 21 á pé, ọmọ ò jáde. Owó ẹyin lọ, owó iná lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì ti kọjá. Wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fáwọn lọ́jà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà thermostat kọ́ ló jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ ká mọ iṣẹ́ rẹ̀ ná. Thermostat kì í mú ooru wá, aṣọ́nà ni. Bí inú àpótí bá tutù, á ṣílẹ̀kùn fún iná. Bó bá gbóná tó, á tì í. Gílóòbù tàbí wáyà tó ń pọ́n ló ń mú ooru wá.

Nítorí náà bí kò bá sí ooru rárá, gílóòbù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ ti pààrọ̀ tiwọn sí LED torí pé kì í jẹ iná púpọ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ kò tó nǹkan. Gílóòbù àtijọ́, èyí tí wáyà inú rẹ̀ máa ń pọ́n, la nílò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí wọ́n ṣe so wáyà. Lára thermostat tí wọ́n ń pè ní STC-1000, ojú ihò mẹ́jọ ló wà: 1 àti 2 ni iná ń gbà wọlé, 3 àti 4 ni ti okùn tí ń mọ ooru, 5 àti 6 ni ti ìmóoru, 7 àti 8 ni ti ìtutù. Ibi tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà rèé: 5 àti 6 kò ní iná nínú fúnra wọn. Bíi bọ́tìnnì ara ògiri ni wọ́n rí, àfi kẹ́ ẹ gba iná kọjá níbẹ̀ lọ sí gílóòbù. Ẹni tó bá so gílóòbù mọ́ 7 àti 8 ńkọ́? Ìgbà tí àpótí bá ti gbóná jù ni gílóòbù rẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn. Ẹyin á sè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná kẹ́ ẹ tó ṣí i, bí ẹ kò bá sì mọ iṣẹ́ iná, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Tí ooru bá wà ṣùgbọ́n tí kò ṣe déédéé, ẹ wá orí okùn dúdú yẹn. Àárín ẹyin ló yẹ kó wà, ní ìwọ̀n gíga ẹyin, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ gílóòbù. Bó bá sún mọ́ gílóòbù, òun á rò pé 37.5 ti pé, nígbà tí ẹyin wà ní 34. Ọmọ á jáde pẹ́, á sì jẹ́ aláìlágbára. Bó bá wà ní igun tó tutù, ẹyin ló máa jìyà ooru, ooru àpọ̀jù sì ń yára pa ọmọ inú ẹyin ju òtútù lọ.

Àpótí tó ní ventilo: 37.5 sí 37.8. Èyí tí kò ní: nǹkan bíi 38.5, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n lókè orí ẹyin, torí ooru máa ń gòkè.

Ṣé nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀ jóòótọ́? Ẹ bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ife, ẹ fi orí okùn náà àti thermomètre onínọ́ńbà tí a fi ń wo ibà ọmọ sínú rẹ̀ pọ̀. Bí ti ibà bá sọ 38, tí thermostat sọ 37, ẹ lọ sí F4, kẹ́ ẹ fi 1 kún un. F2 náà ṣe pàtàkì: bó bá wà ní 0.5, nígbà tí ooru bá rẹlẹ̀ dé 37 ni iná tún máa tàn. Bí ẹnì kan bá ti fi í sí 5, ó di 32.5 kó tó tàn!

Tí iná SBEE bá rẹlẹ̀ lálẹ́ ńkọ́? Tí 220 bá di 160, ooru wáyà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì, thermostat kò sì lè ṣe nǹkan kan sí i. Ẹ fi aṣọ bo ara àpótí, ẹ má dí ihò atẹ́gùn, ẹ má sì máa ṣí i wò.

Ẹlòmíì á tún sọ pé gílóòbù ti kú, àmọ́ ooru ṣì ń gòkè. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹta ni, àwọn ọmọ inú ẹyin fúnra wọn ń mú ooru wá. Ẹ ṣí ihò atẹ́gùn sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ thermostat, ẹ jẹ́ kí àpótí ṣiṣẹ́ lófìfo fún ọ̀sán kan àti òru kan, kẹ́ ẹ máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀, pàápàá ní ìdájí, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Tí kò bá yẹ̀, ẹ wá kó ẹyin sí i.