Bí Ilé-Ẹjọ́ Òfin-Ìpìlẹ̀ Ṣe Ń Dá Ẹjọ́

Ẹ̀yin ará Aguidi, ẹ mọ bí àwọn àgbà ṣe ń parí ìjà. Wọ́n á gbọ́ ti ẹni méjèèjì. Wọ́n á sọ ẹni tó jẹ̀bi. Wọ́n á sì sọ ìdí rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kan wà ní Kútọnu tí òun náà gbọ́dọ̀ sọ ìdí ẹjọ́ tó bá dá. Orúkọ rẹ̀ ni Ilé-Ẹjọ́ Òfin-Ìpìlẹ̀.

Kí ni òfin-ìpìlẹ̀? Òun ni olórí gbogbo òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Òfin mìíràn kò gbọdọ̀ lòdì sí i. Láti ọdún 1993 ni ilé-ẹjọ́ yìí ti ń ṣọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí á wo ẹjọ́ kan. Wọ́n pe obìnrin kan lẹ́jọ́ pé ó ṣe àgbèrè. Òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Faransé ni wọ́n ń lò nígbà náà. Bí ìyàwó bá ṣe àgbèrè níbikíbi, ẹ̀wọ̀n ni. Ọkọ ńkọ́? Àfi bó bá gbé àlè sínú ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Owó ìtanràn nìkan ni yóò sì san.

Wọ́n gbèjà obìnrin náà pé òfin yìí lòdì sí òfin-ìpìlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ bẹ́ẹ̀, adájọ́ gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ náà dúró, kí ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Kútọnu. Òfin fún ilé-ẹjọ́ ibẹ̀ ní 30 ọjọ́ láti dáhùn.

Ní Kútọnu, adájọ́ kan a kọ́kọ́ yẹ ìwé ẹjọ́ wò, a sì jábọ̀ fún àwọn yòókù. Wọn kò bèèrè bóyá àgbèrè dára. Wọ́n gbé òfin méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Abala 26 òfin-ìpìlẹ̀ sọ pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba níwájú òfin. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2009, wọ́n dá ẹjọ́ náà. Wọ́n ní ìjọba lè fìyà jẹ alágbèrè, ó sì lè má fìyà jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Bẹ́ẹ̀ ni òfin àtijọ́ náà ṣe ṣubú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ìdájọ́ wọn? Wọ́n á kọ ẹni tó mú ọ̀rọ̀ wá àti ohun tó bèèrè. Wọ́n á ka àwọn òfin tí wọ́n wò. Lẹ́yìn náà, wọ́n á to ìdí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: «Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé…» Ní ìparí, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n pinnu, àti orúkọ àwọn adájọ́ tó jókòó.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe wàhálà yìí? Ìdájọ́ wọn kò ní ibi tí a tún lè pè é lẹ́jọ́ sí. Ààrẹ, ṣójà àti adájọ́ yòókù gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Nítorí náà ni gbogbo ènìyàn ṣe gbọ́dọ̀ rí i pé kì í ṣe ojúsàájú.

Ẹ̀yin náà lè kọ̀wé sí ilé-ẹjọ́ yìí. Ẹ kọ orúkọ yín àti ibi tí ẹ ń gbé, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ̀wé lè tẹ ìka.

Ìbéèrè
1. Kí ni òfin-ìpìlẹ̀?
2. Kí ló burú nínú òfin àgbèrè àtijọ́?
3. Kí ló dé tí adájọ́ fi gbọ́dọ̀ kọ ìdí ìdájọ́ rẹ̀?