Bí Àrá Bá Dáná Sun Igbó

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Lálúpọn, àrá a máa dáná sun igbó. Bó bá sán pa igi gbígbẹ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ kò tíì rọ̀ dáadáa, koríko a gbiná. Ta ni yóò ru omi dé oko egàn? Ẹ má dojú kọ ọwọ́ iná. Ẹ lọ jìnnà síwájú rẹ̀, ẹ ṣán koríko, ẹ gbá ewé kúrò títí ẹ ó fi rí erùpẹ̀ lásán. Bí atẹ́gùn bá le jù, ẹ sá o! Oko kókó ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣán yí ká, nítorí ewé gbígbẹ kún abẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 1983 tí ọ̀dá mú, iná jó oko kókó púpọ̀ ní Gánà.

Bí iná bá kú, ẹ má tíì relé. Igi tí àrá pa lè máa jó nínú fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ da erùpẹ̀ bò ó, kí ẹ sì tún lọ wò ó lọ́la.