Kí Ọdún Má Di Gbèsè: Bí A Ṣe Lè Jọ Se Oúnjẹ Ọdún Ní Owó Pọ́ọ́kú

Láti Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù kọkànlá, tí í ṣe Thanksgiving, títí di ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún tuntun, owó kì í sinmi jíjáde lápò ẹni ní Houston níbí. Tó bá di oṣù kejì, àwọn ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá wa: owó ilé ti tó san, gbèsè ti kún inú káàdì, wọn ò sì mọ ibi tí wọ́n máa gbé e gbà. Bí a bá wádìí ohun tó fà á, oúnjẹ ọdún wà níbẹ̀. Ẹnì kan ló pe ogójì ènìyàn sílé, òun nìkan náà ló sì bọ́ gbogbo wọn.

Àwọn kan tún wà tí ọ̀rọ̀ wọn kì í dé etí ẹnikẹ́ni. Wọn kì í lọ sílé ẹnì kankan lọ́jọ́ ọdún torí ojú ń tì wọ́n láti lọ lọ́wọ́ òfo. Ìyá àgbà tó wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ wà lára wọn: ọmọ ti lọ síṣẹ́ ní ọsibítù, ìyá ò mọ mọ́tò wà, ó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n látàárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé náà wà lára wọn. Torí oríṣi ènìyàn méjèèjì yìí la ṣe kọ èyí.

Kí ilé kan má dá ẹrù náà rù

Ohun tí a rí tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún jọ ṣe é. Àwọn Mùsùlùmí inú wa ti mọ èyí tipẹ́: màlúù Iléyá kan, ènìyàn méje lè dá owó rẹ̀. Ilé tí ófùn rẹ̀ bá dára ni kó gba ẹran. Ẹnì kan á gba ìrẹsì, ẹnì kan mọ́ínmọ́ín, ẹnì kan ẹ̀fọ́, ẹnì kan ohun mímu. Ẹ pín in ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù mẹ́fà lẹ máa bá níbẹ̀ láìsí ẹran kankan. A ti rí i rí!

Ẹni tí kò sí owó lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má sọ fún un pé “ṣáà máa bọ̀ bẹ́ẹ̀.” Ẹni tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún kì í wá. Ẹ ní kó gbé yìnyín dání, tàbí kó wá bá yín bó ẹ̀wà. Tó bá ń lo Lone Star Card, ẹ rántí pé káàdì yẹn kì í ra àwo pépà, fóìlì tàbí ṣíbí ike, kì í sì í ra oúnjẹ tí wọ́n ń tà ní gbígbóná. Ṣùgbọ́n ó ń ra ìrẹsì, ẹ̀wà àti ẹran tútù. Ohun tí ó lè rà ni kí ẹ fi sí ọrùn rẹ̀. Ẹni tí kò ní mọ́tò, ẹ dárúkọ ẹni tó máa lọ gbé e àti àkókò tó máa dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. “A máa rí ẹni gbé yín” kì í ṣe ètò.

Bí ilé bá kéré, ẹ bi ọ́fíìsì àpátímẹ́ǹtì yín bóyá wọ́n ní yàrá àpèjọ tí àwọn ayálégbé lè lò. Òtútù Houston kò sì dà bíi ti Chicago. Nínú oṣù kejìlá, ọjọ́ mìíràn wà tí ènìyàn lè wọ ṣẹ́ẹ̀tì lásán jókòó níta. Arthur Storey Park wà lẹ́bàá Bellaire àti Beltway 8, Hermann Park náà sì wà.

Ọ̀rọ̀ tòlótòló

Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Thanksgiving, àwọn ilé ìtajà ńlá máa ń ta odindi tòlótòló dídì ní owó tó kéré gan-an, nígbà mìíràn ní iye tí kò tó èyí tí àwọn fúnra wọn rà á. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn wa o. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá wá ra tòlótòló á tún ra bọ́tà, kéèkì àti ohun mímu, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jèrè. Àwa wá máa ń fi eléyìí sílẹ̀, a ó lọ ra apá tòlótòló lọ́tọ̀, tí pọ́ùn kan rẹ̀ wọ́n ju ti odindi lọ fíìfíì. Ẹ ra odindi. Ẹ ka ìwé ìpolówó wọn dáadáa, torí àwọn mìíràn á ní kí ẹ kọ́kọ́ ra ọjà iye kan. Bí àyè bá wà nínú fúrísà, ẹ ra méjì kí èkejì wà fún Kérésì. Odindi tòlótòló tó bá dì gbagidi lè wà níbẹ̀ fún ọdún kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe é tì ni yíyọ́ rẹ̀. Ẹ má gbé e sórí kántà mọ́júmọ́, ẹ má sì da omi gbígbóná lé e. Inú fíríìjì ni kó ti yọ́: ọjọ́ kan gbáko fún pọ́ùn mẹ́rin sí márùn-ún. Tòlótòló oní pọ́ùn 12, tó lè tó ènìyàn 12, gba ọjọ́ mẹ́ta. Nítorí náà, ẹ ti yọ ọ́ ní fúrísà ní ọjọ́ Sunday. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ fi í sínú omi tútù nínú ọ̀rá rẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní ọgbọ̀n-ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wákàtí mẹ́fà ni ti pọ́ùn 12.

Tó bá ti yọ́, ẹ gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí a ṣe ń gé e nílé. Ẹ fi àlùbọ́sà, ata, táìmù, kọ́rì àti iyọ̀ bọ̀ ọ́, kí ẹ wá tò ó sínú ófùn kó pọ́n. Kí ooru inú rẹ̀ dé 165 ní ìwọ̀n Fahrenheit; ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wò ó kò wọ́n. Omi ẹran yẹn, ẹ má dà á nù! Òun la máa fi se ìrẹsì. Egungun rẹ̀ á sì wọ inú ẹ̀fọ́.

Ìrẹsì, ẹ̀wà àti ìsápá

Àpò ìrẹsì oní pọ́ùn márùn-ún tó ènìyàn bíi 25. Ẹ dín ata àti tòmátì inú agolo, ẹ bu omi ẹran sí i, kó hó. Ẹ da ìrẹsì tí ẹ ti ṣàn sínú páànù fóìlì ńlá, ẹ da ọbẹ̀ gbígbóná náà lé e, ẹ fi fóìlì bò ó pinpin, kí ẹ gbé e sínú ófùn ní 350 fún bíi wákàtí kan. Kò ní jóná, kò sì sí pé à ń rò ó. (Ẹni tó fẹ́ òórùn èéfín, kó lọ dáná síta.) Tàtàṣé wà níbi gbogbo, red bell pepper ni wọ́n ń pè é. Fún ata rodo, ẹ wá habanero lọ́dọ̀ àwọn ará Mexico. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n.

Ẹ̀wà pọ́ùn méjì lè tó ènìyàn ogún ní mọ́ínmọ́ín. Ẹ rẹ ẹ́ díẹ̀, ẹ fi bulẹ́ńdà tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta pẹ̀lú omi, èèpo á léfòó. Bí ewé kò bá sí, ẹ bu ú sínú páànù fóìlì kéékèèké, ẹ tò wọ́n sínú omi gbígbóná nínú páànù ńlá, ẹ bò ó, kí ófùn sè é. Tó bá wá di ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún tuntun, ẹ fi ìyókù ẹ̀wà yín dín àkàrà, kí ẹ sì pe aládùúgbò. Àwọn ará Texas àti gbogbo ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè yìí máa ń jẹ black-eyed peas lọ́jọ́ náà fún oríire. Ẹ̀wà wa náà ni. Áfíríkà ló ti wá, àsìkò òwò ẹrú ló bá àwọn ènìyàn wa dé ibí.

Fún ohun mímu, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Mexico tàbí Fiesta, kí ẹ wá ọ̀rá òdòdó gbígbẹ tí wọ́n kọ Jamaica sí lára. Zobo ni! Ìsápá pupa gan-an. Kọ́ọ̀bù méjì nínú gálọ̀nù omi kan, pẹ̀lú atalẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó tí ẹ ti fọ̀, ẹ sè é, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ṣúgà sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná èédú nínú ilé tàbí nínú gáréèjì, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2021, nígbà tí òtútù ńlá mú iná lọ ní Houston, afẹ́fẹ́ olóró láti inú èédú àti jẹnẹrétọ̀ pa ènìyàn nínú ilé wọn. Kò ní òórùn, ojú kì í sì í rí i. Tòlótòló tó ṣì dì, ẹ má gbé e sínú epo gbígbóná láéláé: epo á ru sókè, iná á gbà.

Bí oúnjẹ ojoojúmọ́ gan-an bá le, ẹ pe 2-1-1 lórí fóònù. Wọ́n á sọ ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ nítòsí yín. Houston Food Bank, tó ti wà láti 1982, ló ń kó oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Oúnjẹ kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí méjì lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ẹ bu ti àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ sọ́tọ̀, ẹ kọ orúkọ wọn sára rẹ̀, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ló lè lò níbẹ̀. Ẹ fi ẹran tó dára sí i o, kì í ṣe ọrùn nìkan.