Nígbà Tí Ehoro Bá Kọ Oúnjẹ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo mọ̀ pé bí àwọn kan nínú yín bá rí àkọlé yìí, ẹ̀rín ni wọn yóò kọ́kọ́ rín. Wọn yóò ní, "Kí ni Tíṣà ń sọ yìí? Ehoro tí à ń fi jẹ iyán ni ó wá ń tọ́jú inú rẹ̀!" N kò bá wọn jà. Èmi náà ti fi ehoro jẹ iyán rí, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ehoro tí ọmọ ẹni ti sọ lórúkọ, tí ó ń sáré wá pàdé ẹni lẹ́nu ọ̀nà bí a bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìyẹn kì í ṣe ẹran ọbẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó sì ń sìn ín fún títà, owó tirẹ̀ ni ó ń dùbúlẹ̀ nínú kéèjì nígbà tí inú bá ń run ehoro.

Kí n má gbàgbé, ehoro ni mo ń wí o, kì í ṣe òkété. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń pe òkété ní orúkọ ehoro nígbà tí a bá ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, àní àwa olùkọ́ pàápàá. Òkété a máa jẹ ẹyìn, a máa jẹ iṣu, a máa jẹ ohunkóhun tí ó bá bá pàdé. Ehoro kò rí bẹ́ẹ̀. Koóko ni a dá a mọ́, àìmọ èyí ni ó sì kó mi sínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ní oṣù kẹta ọdún 2019, àbúrò ìyàwó mi fún ọmọ mi obìnrin ní ehoro funfun kan. Ọmọ náà sọ ọ́ ní Òwú. Kò sí ohun tí a kò fún Òwú jẹ nínú ilé wa. Búrẹ́dì ni láàárọ̀, àgbàdo ni lọ́sàn-án, bí àlejò bá mú bisikíìtì wá, ti Òwú gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí a bá rántí ni a ń já ewé tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó ń jẹ gbogbo rẹ̀, ó ń sanra, inú wa sì ń dùn pé a mọ ẹran sìn.

Òwúrọ̀ Sátidé kan ni ọmọ náà wá bá mi ní yàrá. "Bàbá mi, Òwú kò jẹun o." Mo jáde, mo bá a ní kọ̀rọ̀ kéèjì rẹ̀, ó ká ara jọ rúgúdú, ojú rẹ̀ là díẹ̀, ó pàdé díẹ̀. Mo na búrẹ́dì sí i, ó yí ojú kúrò. Mo ní, "Fi í sílẹ̀, ebi ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n." Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí di òní. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni a fi dúró de ebi.

Nígbà tí ó di ọjọ́ Àìkú, àwọn aládùúgbò ti gbọ́. Ìyá Alákàrà ní, "Tíṣà, ẹ bu epo pupa sí i lẹ́nu, májèlé ni ó jẹ." Ẹlòmíràn ní àgúnmu ni. Èmi tí mo kàwé, mo gba kẹ́míìsì kan lọ. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ kò béèrè irú ẹran tí ó jẹ́. Ó ka káńsù ampicillin fún mi, ó ní kí n máa tú u sínú omi. Mo ṣe bí ó ti wí. Ní ọjọ́ Ajé, Òwú bu ewé jẹ ní ẹẹ̀kan, a hó yèè. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀, omi lásán ni. Kí àkùkọ tó kọ ní ọjọ́rú, ó ti kú. Abẹ́ igi máńgòrò tí ó wà lẹ́yìnkùlé ni mo sin ín sí, ọmọ mi kò sì lọ sí ilé-ìwé ní ọjọ́ náà.

Ní ìparí ọdún yẹn ni dókítà ẹranko kan wá sí ilé-ìwé wa láti bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nípa ajá dìgbòlugi. Nígbà tí ó parí, mo fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ro ẹjọ́ Òwú fún un. Ó mi orí. Ó ní, "Ẹ má bínú, Tíṣà, àìmọ̀ ni. Àìsàn ni ó kọ́kọ́ ṣe é, ṣùgbọ́n ó jọ pé oògùn yẹn ni ó parí rẹ̀." Ó wá jókòó, ó là mí lọ́yẹ̀.

Ó ní inú ehoro kò dà bí inú ajá. Bí ajá bá jẹ ohun tí kò bá a lára mu, yóò bì í. Ehoro kò lè bì rárá. Ohun tí ó bá ti gbé mì, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù tí yóò gbà jáde. Oúnjẹ a kọjá nínú ikùn, a kọjá nínú ìfun kékeré, a wá dé inú àpò ńlá kan tí ó wà níbi tí ìfun kékeré àti ìfun ńlá ti pàdé. Inú àpò yìí ni àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí ń gbé, àwọn ni wọ́n sì ń sọ koóko di ohun tí ara ehoro lè lò, bí ìgbà tí a bá rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí ó fi di fùfú. Ampicillin, amoxicillin, penicillin àti àwọn ẹbí wọn, bí a bá gba ẹnu fún ehoro, wọ́n a máa pa àwọn kòkòrò rere wọ̀nyí. Àwọn kòkòrò búburú tí oògùn kò pa yóò wá gba ilé, wọn yóò máa pọ̀ sí i, wọn yóò sì máa pọ májèlé sínú ìfun. Oògùn tí ó wo ọmọ ènìyàn sàn lè pa ehoro láàárín ọjọ́ díẹ̀. Gbogbo ilé tí ó ní ehoro ni mo ń sọ èyí fún láti ìgbà náà.

Ó tún sọ ohun kan tí ó yà mí lẹ́nu. Ìgbẹ́ oríṣi méjì ni ehoro ń yà. Èkíní ni àwọn róbótó líle tí a ń gbá nílẹ̀ kéèjì. Èkejì rọ̀, ó ń dán, ó so pọ̀ bí ìdì ìlẹ̀kẹ̀, òru tàbí ìdájí ni ó sì sábà máa ń yà á. Èyí ni ó ń tẹ orí ba láti fi ẹnu gbà ní ìdí ara rẹ̀, tí ó ń gbé mì. Ẹ má ṣe háà! Oúnjẹ ni, ibẹ̀ ni ó ti ń rí ọ̀pọ̀ ohun aṣaralóore tí àwọn kòkòrò inú àpò náà ti sè fún un. Bí ẹ bá wá rí ìgbẹ́ rírọ̀ yìí tí ó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ tàbí tí ó wà nílẹ̀ láìjẹ, kì í ṣe ìgbẹ́ gbuuru. Ó lè jẹ́ pé oúnjẹ dídùn ti pọ̀ jù fún un, tàbí pé ó ti sanra débi tí ẹnu rẹ̀ kò dé ìdí mọ́, tàbí pé ẹ̀yìn ń ro ó. Ẹ dín búrẹ́dì kù, kí ẹ fi koóko kún un. Ṣùgbọ́n omi tí ó ń dà ṣàà, tí ó ń rùn, ọ̀ràn kíákíá ni ìyẹn.

Kí ni koóko ń ṣe? Àwọn fọ́nrán yíyi inú rẹ̀ ni ó ń ti ìfun ṣiṣẹ́. Bí wọn kò bá sí, ìfun yóò fà sẹ́yìn, ohun inú rẹ̀ yóò máa gbẹ, irun tí ehoro ń lá ní ara rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ yóò kún inú. Inú yóò máa run ún. Nítorí pé inú ń run ún, kò ní jẹun. Nítorí pé kò jẹun, ìfun yóò túbọ̀ dúró. Èyí ni kò jẹ́ kí "ebi ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n" wúlò fún ehoro. Koóko náà ni ó ń bá a pọ́n eyín, nítorí eyín ehoro kì í dẹ́kun híhù títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Bí kò bá rí ohun yíyi jẹ, eyín yóò gùn, yóò mú ṣóńṣó, yóò máa gé ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ ó sì máa rò pé inú ni ó ń dùn ún.

Oṣù kejì ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ náà tún dé ilé wa. Ẹ ó rántí àsìkò yẹn, nígbà tí owó tuntun wọ́n bí ojú, tí a ń tò ní báńkì láti ìdájí. Ọmọ mi ti ní ehoro mìíràn, dúdú kirikiri, Dúdúyẹmí ni orúkọ rẹ̀. Òun a máa jẹ eèsún àti koóko lójoojúmọ́, pẹ̀lú ewé ẹ̀pà, ewé ọ̀dùnkún àti yúnyun, àwo omi rẹ̀ kì í sì í gbẹ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn, a ń kun ilé, a gbé kéèjì rẹ̀ lọ sí abẹ́ pánù lẹ́yìnkùlé. Oòrùn mú bí ẹni pé ó bá wa ṣọ̀tá. Ehoro kò fẹ́ ooru, kì í làágùn bí tiwa, etí rẹ̀ ni ó fi ń tú ooru jáde. Àwọn kunlékunlé ti ta àwo omi nù, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀.

Ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi ní, "Bàbá mi, ìgbẹ́ òní kéré." Láti ìgbà Òwú ni ó ti máa ń wo ilẹ̀ kéèjì. Mo wò ó: ìgbẹ́ díẹ̀, ó kéré, ó gbẹ, irun so méjì pọ̀. Dúdúyẹmí jókòó kákáká, ó ń payín keke. Ehoro a máa rọra pa eyín bí a bá ń pa á lórí tí ara tù ú, ṣùgbọ́n tìrora máa ń dún síta, ara rẹ̀ a sì le. Mo fi ọwọ́ kan etí rẹ̀, ó tutù. Mo rọra tẹ ikùn rẹ̀, kò le bí ìlù. Ìyẹn ni mo fi ní ìrètí díẹ̀, torí dókítà ti sọ fún mi pé bí ikùn bá wú tí ó le bí ìlù, tí ehoro sì rọ jọwọrọ, ọ̀nà ìfun lè ti dí. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ipá fún un ní oúnjẹ, kí a gbé e sáré ni.

A gbé e wọ inú ilé, a tẹ́ aṣọ sí i lábẹ́, a pa rédíò. A gbé omi tuntun àti koóko tútù síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Mo pe dókítà lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ má dúró di ọ̀la." Ehoro tí kò bá jẹun fún wákàtí 12 ti wà nínú ewu. N kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, ọlọ́kadà kò gba tíránsífà, ọ̀rẹ́ mi olùkọ́ kan ni ó fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ.

Dókítà la ẹnu rẹ̀, ó yẹ eyín wò, eyín dára. Ó fún un ní abẹ́rẹ́ ìrora, ó fa omi sí i lábẹ́ awọ. Ó wá kọ́ ọmọ mi bí yóò ti máa fún un ní oúnjẹ. A ó lọ oúnjẹ ehoro kúnná, a ó pò ó mọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, a ó fi sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fà á, a ó ki í bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, lẹ́yìn eyín iwájú, díẹ̀díẹ̀, bíi mílílítà kan lẹ́ẹ̀kan, kí ó jẹ ẹ́, kí ó gbé e mì kí a tó fún un ní òmíràn. A kì í dá a dùbúlẹ̀ lẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́ tí à ń rọ, nítorí oúnjẹ lè bọ́ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí kan náà ni epo pupa Ìyá Alákàrà kò fi dára, bí a bá dà á sí i lẹ́nu, ó lè sá pá a lórí. Oògùn ìrora tiwa náà kò yẹ kí ó dé ẹnu rẹ̀, àfi èyí tí dókítà bá wọ̀n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ọmọ ehoro púpọ̀, ọ̀ràn tiyín tún yàtọ̀ díẹ̀. Ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já wọn lẹ́nu ọmú ni ìgbẹ́ gbuuru máa ń pa wọ́n jù, ó sì sábà máa ń jẹ́ kòkòrò ìfun kan tí ń gba inú ìgbẹ́ àti ilẹ̀ tútù ràn. Ilẹ̀ kéèjì gbọ́dọ̀ gbẹ, kí a máa gbá a lójoojúmọ́, kí a so koóko kọ́ dípò kí a dà á sílẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ dókítà ẹranko. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ oúnjẹ wọn, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe é, díẹ̀ ti tuntun mọ́ ti àtijọ́. Ẹ má fún wọn ní èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, ẹ má sì já koóko níbi tí wọ́n ti fín oògùn apakoríko. Bí àwọn ehoro ńlá bá sì ń kú lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ nímú wọn, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú rírun. Àrùn olóró kan ni, irú èyí tí ó pa ehoro púpọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara ní ọdún 2020. Ẹ má tà wọ́n, ẹ má sì gbé wọn kiri, ẹ pe àwọn oníṣẹ́ ẹran ìjọba.

Ká padà sọ́dọ̀ Dúdúyẹmí. Ọmọ mi kò sùn ní òru ọjọ́ náà. Ní wákàtí díẹ̀ díẹ̀ ni ó ń dìde, tòun ti sírínjì. Ìyá rẹ̀ bínú, ó ní ilé-ìwé ń bẹ lọ́la, ṣùgbọ́n n kò lè dá a lẹ́kun, èmi tí mo sọ ọ̀rọ̀ ebi sí Òwú. Ó kù díẹ̀ kí agogo márùn-ún lù nígbà tí mo gbọ́ igbe rẹ̀, mo sì fò sókè, mo rò pé ó ti parí. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà, ó ń ka ìgbẹ́. Ó ka mọ́kànlá. Ìyàwó mi náà jáde, a sì jókòó sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí Dúdúyẹmí fi na ọrùn, tí ó fa eèsún kan ṣoṣo, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti ẹnu wá.