Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ẹ̀bùn tí kì í jókòó sójú kan

Ní erékùṣù Trobriand, ní Papua New Guinea, àwọn èèyàn máa ń wa ọkọ̀ la òkun kọjá láti fi ẹ̀gbà ta ara wọn lọ́rẹ. Kula ni wọ́n ń pè é. Bronislaw Malinowski, tó gbé láàárín wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1922. Ẹ̀gbà ọrùn pupa ń yí gba apá kan, ẹ̀gbà ọwọ́ funfun ń yí bọ̀ láti apá kejì. Ẹni tó bá gbà á kò gbọdọ̀ há a mọ́wọ́ pẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀gbà ńlá tó ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá ló ń sọ ọ́ dẹni iyì.

Lọ́dún 1925, Marcel Mauss, onímọ̀ ará Faransé tó gbé kula yẹ̀ wò, ní kò sí ẹ̀bùn ọ̀fẹ́: dandan ni ká fúnni, ká gbà, ká sì san án padà. Ẹni tó bá ti kọ aṣọ ẹbí rí mọ ohun tó ń sọ!

Lójú tèmi, òmìnira ṣì wà níbẹ̀. Kò sí dúnàá-dúrà nínú kula. Ẹni tó ń san án padà ló ń pinnu èyí tó tó. Ọjà tí wọ́n ń ná, gimwali, ọ̀tọ̀ ni. Bí wọ́n bá fẹ́ bú ẹni tí kò níwà, wọ́n á ní ó ń ṣe kula bíi gimwali.