Ọmọ Tó Mọ Ṣẹ́ńjì, Tó Gba Òdo Nílé-Ìwé

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá kan ní Glei, ìlú kan ní Togo, tó wà lójú títì tó ti Lomé lọ sí Atakpamé. Ó ń bá ìyá rẹ̀ tajà. Èrò ọkọ̀ kan ra ẹ̀pà 100 CFA àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ 75, ó na ẹyọ owó 500 sí i láti ojú fèrèsé. Ọmọ náà kò wòkè, kò wolẹ̀. Ó fi 25 lé e lọ́wọ́: "Ó di igba." Ó ka 100 mẹ́ta lé e: "Ó di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta." Ọkọ̀ ṣí. Ṣẹ́ńjì 325 ló fún un, kò sì lé, kò dín.

Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ kọ 500 − 175 sójú pátákó. Ọmọ yìí kan náà to 175 sábẹ́ 500, ó bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Ó wo 0 àti 5, ó kọ 5. Ó wo 0 àti 7, ó kọ 7. Ó yọ 1 kúrò nínú 5, ó kọ 4. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 475. Bó bá jẹ́ pé ṣẹ́ńjì tó fún èrò ọkọ̀ nìyẹn, 150 ni ìyá rẹ̀ ì bá pàdánù.

Ọmọ yìí kì í ṣe olódo. Kò sẹ́ni tó fi hàn án pé iṣẹ́ tó ṣe lójú títì àti èyí tó wà lójú pátákó, ọ̀kan náà ni. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjà ò mọ ilé-ìwé, ilé-ìwé ò mọ ọjà

Lọ́dún 1985, Terezinha Carraher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú ọ̀rọ̀ yìí jáde láti ìlú Recife ní Brazil. Wọ́n lọ bá àwọn ọmọ márùn-ún kan tó ń tajà kiri, wọ́n ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń bi wọ́n ní iye owó. Bí a bá fi ìdá ọgọ́rùn-ún ṣírò rẹ̀, àwọn ọmọ náà gba bíi 98. Nígbà tó yá, wọ́n gbé irú ìṣirò kan náà fún wọn lórí ìwé. Èyí tí wọ́n fi ìtàn gbé kalẹ̀, wọ́n gba bíi 74. Èyí tó jẹ́ òǹkà lásán, wọ́n gba bíi 37. Lọ́dún 2025, ìwádìí mìíràn jáde láti Kolkata àti Delhi ní Íńdíà, ó sì fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà hàn: ọ̀pọ̀ ọmọ ọjà kò lè ṣe ti ilé-ìwé, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé náà kò sì lè ṣe ti ọjà.

Ohun tó fà á ni pé lọ́jà, òǹkà jẹ́ nǹkan tí ọmọ lè dì mọ́wọ́. Nílé-ìwé, àmì ni. Bí ẹnikẹ́ni kò bá so àmì mọ́ nǹkan, ọmọ á há ètò rẹ̀ sórí bí ìgbà tó ń há orin sórí. Bó bá gbàgbé ìlà kan, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn.

97 lẹ́nu mẹ́ta

Ní Glei, ìṣòro kan tún wà lórí èyí. Èdè Ifẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní Ana, tó jẹ́ ìbátan Yorùbá, ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń sọ nílé. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wọn nílé-ìwé láti CP1, kíláàsì àkọ́kọ́, títí dé CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn, tí wọ́n á fi ṣe CEPD, ìdánwò ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ tí Togo ṣe lọ́dún 1975 fún èdè Ewe àti Kabiyè láyè nílé-ìwé. Kò kan èdè Ifẹ̀.

Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe sí òǹkà. Bí a bá kọ 97 sílẹ̀, ohun tó wà lójú ìwé ni mẹ́wàá lọ́nà mẹ́sàn-án àti méje. Ẹni tó bá fi Yorùbá kà á á ní *ẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún*: ó ku mẹ́ta kó pé ọgọ́rùn-ún. Faransé á ní *quatre-vingt-dix-sept*: ogún mẹ́rin, mẹ́wàá, méje. Òǹkà kan ṣoṣo ló gba ọ̀nà mẹ́ta wọlé yìí. Ọmọ tó bá gbọ́ *quatre-vingt*, tó sì kọ 4 àti 20, kò ya òmùgọ̀. Ohun tó gbọ́ ló kọ.

Olùkọ́ tó gbọ́n kì í sá fún èyí. Ó ń fi í ṣe ẹ̀kọ́. Òǹkà Yorùbá fúnra rẹ̀, ìṣirò ni. Ẹni tó pe 16 ní *ẹẹ́rìndínlógún* ti yọ mẹ́rin kúrò nínú ogún kó tó dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ òǹkà lọ́nà tilé, kó sọ ọ́ lọ́nà Faransé, kó wá fi ìdì igi ìgbálẹ̀ tò ó bó ṣe wà lójú ìwé. Nígbà tí ẹnu mẹ́ta bá pàdé lórí ìdì kan náà, òǹkà á dúró.

Ọwọ́, ojú, ìwé

Ètò tó dára jù fún ọmọdé kò le. Kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan nǹkan. Kó yà á. Lẹ́yìn náà ni kó wá fi àmì kọ ọ́. Jerome Bruner, onímọ̀ ìrònú ọmọnìyàn ní Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1966. Orílẹ̀-èdè Singapore sì kọ́ ìwé ìṣirò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lé irú ètò yìí lórí láti àwọn ọdún 1980 wá.

Igi ìgbálẹ̀ tó fún un. Ẹ di mẹ́wàá-mẹ́wàá pọ̀ pẹ̀lú okùn. Ká ní ọmọ fẹ́ yọ 17 kúrò nínú 52. Ìdì márùn-ún wà nílẹ̀ àti igi méjì. Ó fẹ́ mú igi méje, méjì péré ló rí. Kí ni kó ṣe? Ẹ má sọ fún un. Bó bá wo ilẹ̀ díẹ̀, á tú ìdì kan. Ní báyìí, ìdì mẹ́rin àti igi méjìlá ló ní. Ó mú méje kúrò, ó ku márùn-ún. Ó mú ìdì kan kúrò, ó ku mẹ́ta. Ó jẹ́ 35.

Ohun tí àwa ti ń pè ní "yá ọ̀kan" láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣi ọmọ lọ́nà, torí pé ohun tí a bá yá, a gbọ́dọ̀ dá a padà. Kò sẹ́ni tó yá nǹkan kan níbí: ìdì la tú. Ọmọ tó ti tú ìdì lẹ́ẹ̀mẹwàá kò ní kọ 475 mọ́, torí ó mọ̀ pé òdo kò túmọ̀ sí pé kí òun yọ òǹkà òkè kúrò nínú ti ìsàlẹ̀.

Fún ìlọ́po àti pínpín, ọpọ́n ayò wà nílẹ̀. Ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin: 48. Kí ọmọ ka ihò mẹ́wàá, 40. Kó ka méjì tó kù, 8. Ó ti rí i pé 12 lọ́nà 4 ṣeé gé sí wẹ́wẹ́. Kó wá pín 48 náà sí ihò mẹ́jọ: mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹni tó bá ti fọwọ́ pín in mọ ìdí tí pínpín àti ìlọ́po fi jẹ́ ojú àti ẹ̀yìn aṣọ kan.

Bí kíláàsì bá kún

"Ọmọ pọ̀ jù" ni àròyé olùkọ́, òótọ́ sì ni. Ohun tí wọ́n mọ̀ kò sì dọ́gba. Ìdánwò PASEC ti ọdún 2014 kan Togo àti orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án mìíràn tó ń sọ Faransé. Ó fi hàn pé ju ìdajì àwọn ọmọ tó ń parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kò dé ìwọ̀n tó yẹ nínú ìṣirò. Nínú kíláàsì CM1 kan, ẹ lè rí ẹni tó mọ pínpín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí òǹkà tó ju mẹ́sàn-án lọ ò tíì yé.

Ẹgbẹ́ Pratham ní Íńdíà wá ọgbọ́n kan dá sí i. Fún wákàtí kan tàbí méjì lóòjọ́, wọ́n á gbàgbé kíláàsì, wọ́n á fi ohun tí ọmọ mọ̀ pín wọn: àwọn tó ń ka òǹkà, àwọn tó ń ro pọ̀, àwọn tó ń yọ kúrò. Ọgbọ́n yìí ti dé Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire.

Ọ̀rọ̀ èdè tá a mẹ́nu bà níṣàájú náà ti ní ẹlẹ́rìí nílẹ̀ Yorùbá. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ àyàfi Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà, títí kan ìṣirò. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn; wọ́n tiẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún kẹrin lọ. Olùkọ́ Glei kò ní láti dúró de òfin tuntun. Ó lè fi èdè ilé ṣàlàyé, kó fi Faransé kọ ìdáhùn.

Ẹ padà sí 500 − 175

Kí olùkọ́ tó fa ìlà pupa sórí 475, kó bi ọmọ léèrè: "Báwo lo ṣe ṣe é?" Àṣìṣe ọmọ ní ìdí, ẹnu rẹ̀ ló máa sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, kó ní kó ṣe é bí ẹni tó ń tajà. Ọmọ á ní: 25, ó di 200, 300, ó di 500. Kí olùkọ́ fa ìlà kan sójú pátákó, kó kọ 175, 200 àti 500 sórí rẹ̀, kó fi ọfà méjì so wọ́n pọ̀. Ó ti sọ ọjà di àwòrán. Ìgbà yìí ni kó tó to òǹkà sábẹ́ ara wọn, kí wọ́n jọ tú ìdì.

Kó tó pa pátákó rẹ́, kó fún wọn ní òfin kan tí gbogbo ọmọ ìyálọ́jà mọ̀: ro iye ọjà àti ṣẹ́ńjì pọ̀, kó jẹ́ iye owó tí oníbàárà mú wá. 175 àti 475 jẹ́ 650. Ta ló mú 650 wá?